Tíì Tí Ọmọ Mi Kò Gbé Wá Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wò ó pé ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí yín yá mi. Ife kan wà lórí tábìlì ìjẹun wa, ife funfun tí etí rẹ̀ ti gé díẹ̀. Ó di ọdún kẹta báyìí tí ẹnikẹ́ni ti mu nǹkan nínú rẹ̀ kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi ló ni ín. Láràárọ̀ ló máa ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, á fi aṣọ nù ún, á dá a padà sí àyè rẹ̀, á wá bu omi tútù sínú ife mìíràn mu, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Tó bá ti jáde, èmi náà á jókòó síwájú ife yẹn, màá máa wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, àárò ọmọ mi ló ń sọ mí. Ọmọ náà ò kú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò sì sí lẹ́wọ̀n. Ibi tó wà sí ilé wa ní Lake Arbor, nílẹ̀ òyìnbó níbí, kò tó wákàtí kan tí èèyàn bá wa mọ́tò. Síbẹ̀ ó jìnnà sí mi ju Ìbàdàn tí wọ́n ti bí mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, torí ó dùn nígbà kan. Ìbídùn lorúkọ ọmọ náà, òun sì ni àkọ́bí mi. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po tíì tòun: kí mílíìkì pọ̀, kí hóró ṣúgà jẹ́ mẹ́ta, kí ó gbóná débi tí èèyàn á fi máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Láàárọ̀, kí a tó kó ara jọ fún àdúrà, Ìbídùn á gbé e wá, á kúnlẹ̀, á ní, “Dádì, ẹ káàárọ̀, tíì yín rèé.” Ọkọ mi á fi ẹnu kàn án, á ní, “Èyí dùn ju tàná lọ.” Lójoojúmọ́ o! Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá ń dùn ju tàná lọ báyẹn, oyin gan-an á wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nídìí tíì yẹn ni ọkọ mi ti máa ń pa ìtàn fún un, èyí tó sì fẹ́ràn jù ni ti bàbá tirẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìbàdàn nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kọ owó orí. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé: “Ìbídùn, kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ bá ìjọba jà. Wọ́n bẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀. Wọ́n rán àgbà lọ bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ni kò dáhùn.” Ọmọ á lanu sílẹ̀, á ní kó tún un sọ. Ọkọ mi gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìfẹ́ ìtàn sínú ọmọ yẹn, òun náà ló sì tún ń bínú nígbà tó hù.

Nítorí nígbà tí Ìbídùn máa wọ yunifásítì, bàbá rẹ̀ ní fámasì ni. Ó wọ̀ ọ́. Ó ṣe é fún ọdún méjì, kò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń rù, kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ó wá ní ìtàn ni òun fẹ́ kà, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ilẹ̀ yìí dó. Ẹ wá wò ó, ọ̀nà tí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ń gbà ló gbà. Kò gbó bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó gbé tíì wá. Ọkọ mi ní, “Mo ti gbọ́.” Ọmọ náà ní kí n bá òun dá sí i, mo dúró títí ó fi jẹun yó, mo sọ ọ́. “Mo ti gbọ́.” Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Glenarden, ìlú tó wà nítòsí wa, àgbà wá, ó jókòó, ó fi òwe ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹni tó bá mọ èdè àgbà á mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì ni. Ká ní ó tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé rárá, ọmọ ìbá mọ ibi tí òun dúró sí.

Ní àkókò yẹn la jọ wà ní kíṣìnì lọ́jọ́ kan, à ń gé ẹ̀fọ́, ló bá ń sọ fún mi nípa àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí, nígbà tí ọba tó wà lókè òkun ṣì ń ṣe ìjọba lé wọn lórí. Ó ní ọba bu owó orí lé tíì tí wọ́n ń mu láì bi wọ́n léèrè. Wọ́n kọ̀wé bẹ̀ ẹ́, wọ́n rán èèyàn bẹ̀ ẹ́, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní àwọn ò mu tíì rẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn obìnrin ilé pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀ ọ́, ewé inú ọgbà wọn ni wọ́n ń bọ̀ mu dípò rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ewé wo ni wọ́n rí bọ̀? Ṣé ewúro ni?” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣé mo mọ̀ pé ọmọ ti ń múra nǹkan sílẹ̀ ni?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí bàbá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọkọ mi wo ife tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ọmọ. Ọmọ náà ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ó ń retí kí bàbá rẹ̀ béèrè pé “Tíì mi dà?” kí òun lè rí àyè sọ ti òun. Ọkọ mi ò béèrè. Lójú tirẹ̀, àgbà kì í tọrọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo dìde pé kí n lọ po ó, ó ní, “Jókòó, Ìyá Ìbídùn. Ìwọ kọ́ lò ń po tíì mi.” Bí ọ̀kan ò ṣe po mọ́ nìyẹn, tí èkejì ò sì mu mọ́. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Èmi wà láàárín ẹkùn méjì, mò ń gbé oúnjẹ kálẹ̀, mò ń kó abọ́.

Ẹ má tíì máa bú ọkọ mi o. Èèyàn burúkú kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíì ò wá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí ọmọ fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó fún èmi. Ìbídùn ò sunkún, ó ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ṣe, ó wá yé mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọba yẹn náà ṣe: wọ́n kọ tíì, ó ti èbúté mọ́ wọn, ó rò pé ìyà á lé wọn wálé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ọkọ mi mọ òwe yẹn jù mí lọ, òun ló máa ń pa á fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ọjọ́ Ìsinmi ni. Ọkọ mi ti sọ fún wa pé pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ ń bọ̀ nílé wa lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí irú ìjọ tiwa, ẹ ti mọ̀ pé tí àgbà ìjọ bá wọlé, ìjà tán nìyẹn. Ohun tí Ìbídùn rò nìyẹn. Ó rò pé wọ́n wá bá òun bẹ bàbá òun ni. Inú rẹ̀ dùn, ó wọ bùbá àti ìró, ó de gèlè kékeré, ó sì lọ gbé kẹ́tùlù kaná. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Ọmọ mi gbé omi tíì kaná lọ́jọ́ yẹn! Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ọkọ mi dìde, ó ní, “Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ yìí. Ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.” Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ń lé ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ jáde lára ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ àfojúdi kan rí. Èmi tí mo bí i, Àmín tèmi ló ròkè jù. Ẹ̀rù ló bà mí, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sáà tán. Omi ti hó nínú kíṣìnì, kẹ́tùlù ń súfèé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n ṣe Oore-ọ̀fẹ́ tán, Ìbídùn dìde, ó pa iná kẹ́tùlù, ó gun òkè lọ. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, àpótí rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó sì jáde.

Láti ìgbà yẹn, orí fóònù la ti ń rí ara wa, èmi àti òun. Tó bá di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́ mi ní Suitland, màá jáde lọ jókòó sínú mọ́tò, mọ́tò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, màá pè é. “Mọ́mì, mo wà dáadáa.” Ó ti pààrọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti kàwé tán, ó ti ríṣẹ́. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gbàwé ẹ̀rí. Tí mo bá ní kó wálé, á ní, “Màá wá tí Dádì bá pè mí.” Tí mo bá sọ ọ́ fún ọkọ mi, á ní, “Ọ̀nà ilé ò sọnù mọ́ ọn lójú. Ṣé bàbá ló máa ń lọ bẹ ọmọ?” Ní ìrọ̀lẹ́ màá rìn yí adágún odò tó wà lẹ́bàá ilé wa ká, níbi tí èmi àti ọmọ náà ti máa ń rìn, màá máa wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó kó ọmọ wọn sẹ́yìn. Ìlara pẹ́pẹ́yẹ wá ń ṣe mí! Àfi kí n máa fi etí gèlè nu ojú.

Ní oṣù tó kọjá ni obìnrin kan nínú ìjọ wa tẹ̀ lé kíláàsì ọmọ rẹ̀ lọ wo ilé àtijọ́ kan ní ìsàlẹ̀ kàǹtì wa yìí, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ wa, níbi tí wọ́n ti ń gbin tábà láyé ijọ́un. Ó sáré wá bá mi pé, “Ìyá Ìbídùn, mo rí ọmọ rẹ! Ó wọ aṣọ gígùn bíi ti ayé àtijọ́, òun ló ń mú wa káàkiri, òun ló ń sọ ìtàn.” Ara mi ò gbà á mọ́. Nígbà tó di Sátidé, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ sọ́jà, mo sì wa mọ́tò lọ síbẹ̀.

Mo san owó ìwọlé bí àwọn yòókù, mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọkùnrin gíga kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi ti di àgbà. Ó dúró nídìí tábìlì ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan, ife kéékèèké wà lórí rẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ tíì, bí wọ́n ṣe wá dáná sun ọkọ̀ ojú omi kan tó kó tíì wá sí Annapolis, tí kò jìnnà sí wa níbí, bó ṣe di ogun nígbẹ̀yìn. Ó wá ní, “Kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ bá ìjọba jà. Wọ́n bẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀. Wọ́n rán àgbà lọ bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ni kò dáhùn.” Háà! Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni, kò yọ ọ̀kan kúrò, kò fi ọ̀kan kún un. Mo di ògiri mú. Ó mú wa dé kíṣìnì ilé náà lẹ́yìn, ó ní àwọn tó ń pariwo òmìnira nídìí tábìlì yẹn, ẹrú ló ń po tíì fún wọn, àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa, àwọn yẹn náà bẹ̀ títí, etí ikún ni wọ́n kọ sí wọn. Mo wo ààrò dúdú tó wà níbẹ̀, mo rántí ara mi láàárín ẹkùn méjì. Ta ló tiẹ̀ bi èmi léèrè rí pé kí ni mo fẹ́? Ìyá arúgbó òyìnbó kan wá béèrè pé, “Ká ní ọba ti dáhùn ńkọ́?” Ìbídùn ní, “Púpọ̀ nínú wọn ni ì bá dúró. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ìdáhùn ni wọ́n ń wá.” Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ojú èmi àti òun ti ṣe mẹ́rin.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó sáré dì mọ́ mi. Ó wá rántí pé òun ò tíì kí mi, ló bá kúnlẹ̀ nínú aṣọ òyìnbó ayé àtijọ́ yẹn. Ẹ̀rín àti ẹkún pa mí pọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Mọ́mì, ṣé Dádì ló rán yín wá?” Ó ṣe mí bíi pé kí n purọ́. Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Èmi ni mo gbé ara mi wá.” Ó mi orí. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń po tíì wọn báyìí?” Mo ní rárá, láti ọjọ́ tó ti jáwọ́ ni wọn ò ti mu ún mọ́. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ọwọ́ tún àwọn ife tó wà lórí tábìlì tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà létò tẹ́lẹ̀.

Mo délé, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ní, “Bàbá Ìbídùn, mi ò dé ọjà kankan. Ọmọ yín ni mo lọ wò.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ tó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàbá tirẹ̀ yẹn, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn? Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ni kò dáhùn?” Mo ní bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, níwájú òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Mo ti ń retí “mo ti gbọ́” tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní, “Ṣé wọ́n máa ń ta tíì níbẹ̀?”

Sátidé tó kọjá yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún un kó tó wọ kóòtù, kó dé fìlà, kó fín lọ́fínńdà. Ó ní èmi ni kí n wa mọ́tò. A dé ilé àtijọ́ yẹn, mo páàkì. Bí a ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, ó ń dágbére fún àwọn àlejò. Ọkọ mi ní, “Ó ti rù.” Mo ní kò rù, aṣọ yẹn ló tóbi. Ó ní, “Mo ní ó ti rù. Ta ló ń se oúnjẹ fún un?” Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Mo ní, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.” Ó ní, “Kí ni kí n sọ? Bàbá tó wá bẹ ọmọ níwájú gbogbo ayé?” Ó jáwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó ní, “Jẹ́ ká máa lọ. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo wá o.” Mo yí mọ́tò padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi: “Mọ́mì, mo rí mọ́tò yín. Ta ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?” Mi ò tíì dá a lóhùn. Èmi náà ti wá di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè tí kì í dáhùn! Tí mo bá sọ ọ́, mo ti da ọkọ mi, torí ó ní kí n má sọ. Tí mo bá ní ẹlòmíì ni, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi, bóyá kò ní ṣí mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò jẹ́ kí n sinmi: “Ìyá Ìbídùn, fóònù rẹ ò dún?” Láàárọ̀ yìí, ó fọ ife yẹn bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó lọ síbi iṣẹ́, mo wo inú rẹ̀. Hóró ṣúgà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ olórí kunkun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ọmọ nílé, tó bá bẹ̀ yín, ẹ dá a lóhùn, ì báà jẹ́ rárá. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù báyìí: “Bàbá rẹ ni.” Ìka mi ló kù kí n fi tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ọba tó dìde láàfin rẹ̀, tó wọ kóòtù, tó fín lọ́fínńdà, tó wá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wọlé, ẹ bá mi wò ó, ṣé a tún lè ní kò tíì dáhùn?